Fọ́tò Bàbá Ìjọ àti Ojú Ọ̀gá Mi

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ kọ́, tí ẹ ń bi àwa àgbà léèrè ohun tí a fi ọjọ́ ayé wa ṣe, iṣẹ́ àwọ̀ lèmi ṣe. Mi ò kun ilé, mi ò sì re aṣọ. Ojú èèyàn ni mo ń fi àwọ̀ sí nínú fọ́tò. Oǹdó ni mo ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mi ò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ ayé, Àkúrẹ́ ni mo sì ti fẹ̀yìn tì. Mo lè jókòó kí n máa ka owó tí mo rí àti ilé tí mo gbé fún yín, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó wà lọ́kàn mi tó ọ̀rọ̀ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Fọ́tò ẹyọ kan ló ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Ó pẹ́ gan-an ká tó mọ̀ bóyá orúkọ náà ṣeé tún ṣe.

Dúpẹ́ lorúkọ mi, Òkèlísà l'Oǹdó ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí mo jáde ilé ìwé mọ́dà, bàbá mi fẹ́ kí n ṣe nọ́ọ̀sì, kò bọ́ sí i. Yèyé mi bá fà mí lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Jóṣúà ayàwòrán. Ọkùnrin gíga, tínrín, tí kì í rẹ́rìn-ín láàárọ̀. Kò béèrè ìwé tí mo kà. Ó nawọ́ sí ìró tí yèyé mi ró, ó ní, "Àwọ̀ wo nìyí?"

Mo ní, "Pupa ni, sà."

Ó ní, "Pupa wo?"

Mo tún wo ìró náà, mo ní, "Mi ò mọ̀, sà." Ó yíjú sí yèyé mi, ó ní, "Ẹ jẹ́ kó máa bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó kéré tán, kò parọ́ fún mi." Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, torí ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù ya fọ́tò lè má mọ̀ ọ́n. Lásìkò yẹn, kò sí àwọ̀ nínú fọ́tò lọ́dọ̀ wa. Dúdú àti funfun ni, pẹ̀lú eérú láàárín. Ẹni tó bá fẹ́ kí tiẹ̀ láwọ̀ á sọ fún wa, a ó wá fi ọwọ́ kun ún. Inú ìgò kéékèèké ni ọ̀dà rẹ̀ ń wà. A ó wé òwú mọ́ orí igi tẹ́ẹ́rẹ́, a ó fi tọ́ ọ̀dà, a ó sì máa fi pa ojú èèyàn inú fọ́tò ní díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fi òróró pa ọmọ ìkókó. Bí ọwọ́ rẹ bá wúwo, fọ́tò ti bàjẹ́ nìyẹn, o ó padà lọ fọ òmíràn nínú yàrá òkùnkùn, Ọ̀gá á sì ti máa kùn létí ilẹ̀kùn.

Ó pẹ́ kí n tó fọwọ́ kan òwú. Ọjà ni Ọ̀gá ń rán mi ní gbogbo ìgbà. Á ní, "Lọ mú pupa mẹ́ta wá tí kò jọra." Mo kọ́kọ́ mú epo, ata àti obì wá, mo rò pé mo gbọ́n. Ó tò wọ́n sínú abọ́ funfun, ó ní kí n wò wọ́n dáadáa.

"Epo yìí, ilé ta ló ń lọ?"

"Kò yé mi, sà."

"Ṣé ilé yẹ́lò ló ń lọ ni, àbí ilé búlúù?"

Mo wò ó títí. Mo ní, "Yẹ́lò, sà."

"Obì yìí ńkọ́?"

"Ó jọ pé ilé búlúù ni, sà."

"Ọlọ́run ṣeun. Kò sí ohun tó ń jẹ́ pupa lásán. Gbogbo pupa ló ń lọ síbì kan. Bí o ò bá mọ ibi tó ń lọ, o ò tíì rí i."

Ẹ̀yin náà mọ bí èdè wa ṣe rí. Funfun, pupa, dúdú, àwọn ni a ń pè jù. Ewé tó bá ṣú, a ní ó dúdú. Aṣọ aró, a ní ó dúdú. Ọsàn tó pọ́n, a ní ó pupa, iná náà pupa, amọ̀ náà pupa. Ọ̀gá ní kò sí àléébù nínú ìyẹn fún ẹni tí kò fi àwọ̀ jẹun, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi jẹun gbọ́dọ̀ ní orúkọ fún ohun tó wà láàárín. Ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́ la fi ń sọ wọ́n lórúkọ: àwọ̀ ewé, àwọ̀ ojú ọ̀run, àwọ̀ eérú, àwọ̀ ọsàn, elésè-àlùkò, pupa osùn, pupa ẹ̀jẹ̀. Ó tilẹ̀ la kòkó sílẹ̀ fún mi lọ́jọ́ kan. Èèpo ẹ̀yìn yẹ́lò, ara inú funfun, hóró tútù tí ó gé sí méjì jẹ́ elésè-àlùkò, èyí tó ti gbẹ wá jẹ́ àwọ̀ ara èmi tí mo ń wò ó. Inú oko kòkó ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, mi ò tíì rí i bẹ́ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kọ́ mi ní ìdílé àwọ̀. Ó ní mẹ́ta ni kò sẹ́ni tó bí wọn: pupa, yẹ́lò, búlúù. O lè po gbogbo ọ̀dà tó wà nílé pọ̀, o ò ní rí ọ̀kankan nínú wọn pò jáde. Àwọn ló ń bí ìyókù. Yẹ́lò àti búlúù bí àwọ̀ ewé. Pupa àti yẹ́lò bí àwọ̀ ọsàn. Pupa àti búlúù bí elésè-àlùkò. Ó ní kálukú àwọn mẹ́ta yìí ló sì ní ọ̀tá, ọ̀tá náà ni ọmọ tí àwọn méjì yòókù bí láìsí i níbẹ̀. Ọ̀tá pupa ni àwọ̀ ewé. Ọ̀tá yẹ́lò ni elésè-àlùkò. Ọ̀tá búlúù ni àwọ̀ ọsàn. Bí o bá to ọ̀tá méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àwọn méjèèjì á máa pariwo mọ́ ọ lójú. Bí o bá wá pò wọ́n pọ̀, wọ́n á pa ara wọn, wọ́n á di eérú.

Ó ní, "Dúpẹ́, ibi tí iṣẹ́ wa wà nìyẹn. O rí àwa tí wọ́n ń pè ní aláwọ̀ dúdú yìí, kò sí ìkankan nínú wa tó dúdú. Àwọ̀ ọsàn ni gbogbo wa, búlúù ni wọ́n fi rọ̀ ọ́. Ẹni tó pupa fòò, búlúù rẹ̀ kéré. Adúmáadán, ó pọ̀ díẹ̀. Ẹni tó dúdú bíi kóró iṣin, ó pọ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n bí o bá jẹ́ kí búlúù borí, tí o pa pupa inú ètè àti ti etí, ẹ̀jẹ̀ ti kúrò lára onítọ̀hún nìyẹn. O ti yà á bí òkú." Mo gbọ́ ọ, mo sì mọ̀ ọ́n sórí.

Ọ̀gá le gan-an. Àwọ̀ eérú ló fi kun gbogbo ṣọ́ọ̀bù, torí ó ní ògiri aláwọ̀ máa ń tan ojú jẹ. Àwa ọmọṣẹ́ náà, aṣọ àwọ̀ eérú la ń wọ̀ ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan mo wé gèlè pupa wá, torí pé a fẹ́ lọ síbi ìsọmọlórúkọ lọ́sàn-án. Mo ti kun ojú ìyàwó kan tán, mo gbé e fún Ọ̀gá. Ó wò mí, kò wo fọ́tò. Ó ní kí n bọ́ gèlè náà, kí n wá wo iṣẹ́ mi lẹ́ẹ̀kejì. Mo bọ́ ọ. Pupa ojú ìyàwó náà ti kéré jù, pupa gèlè mi tó ń tàn sórí fọ́tò ni mo ti kà mọ́ tiẹ̀ tí mi ò mọ̀. Ó lé mi lọ sílé lọ́jọ́ náà, ó ní kí n lọ jẹun ìsọmọlórúkọ mi. Mo sunkún délé. Yèyé mi ní bí mo bá fẹ́ ọ̀gá tó ń rẹ́rìn-ín, kí n lọ kọ́ iṣẹ́ ẹlẹ́rìn-ín.

Mo kọ́ṣẹ́ tán, mo gba ìdáǹdè, mi ò lọ. Mo dúró tì í gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́, torí ibẹ̀ ni mo ti ń rí nǹkan kọ́. Ìgbà yẹn ni àìsàn ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wa ò mọ̀ pé ojú ni. Ohun tí mo kàn ń rí ni pé Ọ̀gá ń bínú sí yẹ́lò. Á gbé ìgò sókè, á ní àwọn tó ń ṣe ọ̀dà ti bàjẹ́, wọ́n ti ń da yẹ́lò sínú gbogbo nǹkan. Á gba fọ́tò tí mo kùn tán, á ní, "Ta ló da epo sí ẹni yìí lójú?" Á wá fi búlúù rọ̀ ọ́. Bó bá dá a padà fún mi, ẹni náà á ti rí bíi pé ó sùn nínú ọ̀gìnnìtìn. Ó máa ń rí ojú abẹ́rẹ́ ki òwú bọ̀, ó sì ń ka Bíbélì láìsí jígí, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè sọ fún un pé ojú rẹ̀ ń ṣàìsàn.

Nígbà náà ni Bàbá Ìjọ wá láti Ìgbàrà-Òkè. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í joyè Bàbá Ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ni, ó sì fẹ́ fọ́tò ńlá tí wọ́n máa gbé kọ́ sí pálọ̀. Òun àti Ọ̀gá ti mọra tipẹ́, wọ́n jọ máa ń kọrin níbi àpéjọ àwọn akọrin. Ọkùnrin pupa ni, pupa tó ń lọ sílé yẹ́lò, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ máa ń tàn. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló kun fọ́tò náà. Nígbà tó parí rẹ̀, ó gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà nínú ìmọ́lẹ̀, ó pè mí pé kí n wá wo iṣẹ́.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ètè Bàbá ti búlúù."

Ó ní, "Ètè ta?"

"Ti Bàbá, sà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ti di eérú. Ẹ jẹ́ kí n fi pupa díẹ̀ tọ́ ọ."

Ó fa fọ́tò náà mọ́ra. Ó ní, "Dúpẹ́, èmi ni mo là ọ́ lójú. Ojú ta ló wá ń kọ́ ojú ta níṣẹ́?" Ó di fọ́tò náà, ó fi ránṣẹ́.

Wọ́n gbé e kọ́ lọ́jọ́ ìdúpẹ́. Wọ́n ní àwọn obìnrin tó wọlé wá kí wọn ń wo fọ́tò, wọ́n ń wo ara wọn. Bàbá Ìjọ fúnra rẹ̀ kàn rẹ́rìn-ín ni, ó ní bí Jóṣúà bá ti lè mú òun dúdú báyìí, kí ó wá bá òun mú irun òun dúdú pẹ̀lú. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ lẹ́yìn náà tó fi ṣubú ní balùwẹ̀, kò sì dìde mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ní, gbogbo ilé ló mọ̀. Ṣùgbọ́n fọ́tò yẹn náà ni wọ́n gbé síwájú pósí, torí kò sí òmíràn tó tóbi tó o, gbogbo ẹni tó wo òkú inú pósí tó wo fọ́tò rí i pé àwọ̀ kan náà ni.

Àkọ́bí rẹ̀, Kọ́lé, tísà ni. Ó wá sí Oǹdó lẹ́yìn ìsìnkú. Kò pariwo, ó sàn kó tilẹ̀ pariwo. Ó dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Ọ̀gá Jóṣúà, bàbá mi wà láàyè nígbà tó wá bá yín. Kí ló dé tí ẹ fi yà á bí òkú? Ta ló bẹ̀ yín níṣẹ́?"

Ọ̀gá ní, "Kọ́lé, àwọ̀ bàbá rẹ ni mo fi sí i."

Kọ́lé ní, "Ẹ ò ní rí ire nídìí iṣẹ́ yìí mọ́." Ó jáde.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe délé dóko nìyẹn. Wọ́n ní fọ́tò Jóṣúà máa ń pe ikú wá. Àwọn abiyamọ kì í gbé ọmọ wá mọ́. Ìyàwó ojú ọ̀nà á dé ìdí ilẹ̀kùn, ẹnìkan á sọ nǹkan sí i létí, á yí padà. Ọ̀gá a máa jókòó nínú aṣọ àwọ̀ eérú rẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, á máa nu ìgò ọ̀dà tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́. Ó dùn mí wọra. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Lọ sí Àkúrẹ́. Wọ́n ní wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ṣe fọ́tò aláwọ̀ níbẹ̀. O mọ àwọ̀, wọ́n á gbà ọ́." Mi ò fẹ́ lọ. Ó ní òun ò bi mí bóyá mo fẹ́.

Wọ́n gbà mí ní ilé ìfọ-fọ́tò kan ní Arákàlẹ̀. Obìnrin Àkúrẹ́ ló ni ín, ọ̀yàyà èèyàn. Bó bá ti ń wọlé láàárọ̀ á ní, "Ọmọ Oǹdó, uṣẹ́ yá," iṣẹ́ yá nìyẹn. Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé ẹ̀rọ náà ní ìdílé àwọ̀ tirẹ̀. Yẹ́lò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n pupa rẹ̀ ń lọ sílé elésè-àlùkò, màjẹ́ńtà ni wọ́n ń pè é, búlúù rẹ̀ sì ń lọ sílé àwọ̀ ewé, sáyáànì ni tiẹ̀. Gíláàsì aláwọ̀ la máa ń fi síwájú iná ẹ̀rọ. Ohun tó kọ́kọ́ dá mi lágara ni pé bí fọ́tò bá jáde tó ní màjẹ́ńtà jù, màjẹ́ńtà náà ni wàá tún fi kún gíláàsì kó tó dínkù. Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Inú òkùnkùn biribiri la ti ń ṣe é, ìka la fi ń mọ ojú bébà yàtọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. O ò sì gbọdọ̀ ṣèdájọ́ fọ́tò tó bá ṣì tutù, torí búlúù máa ń wà lójú rẹ̀ títí á fi gbẹ. Ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ tí kò ní sùúrù ni wọ́n lé nítorí ìyẹn nìkan.

Kí n sọ ti kọ̀ǹpútà kíákíá, kí n lè padà síbi tí ọ̀rọ̀ wà, torí ẹ̀yìn gbogbo èyí ló dé. Nígbà tó dé, wọ́n ní ká wá kọ́ ọ, a tún bá ìdílé mìíràn níbẹ̀: pupa, àwọ̀ ewé, búlúù. Nínú ọ̀dà, bí o bá da gbogbo àwọ̀ pọ̀, ó di dúdú. Nínú iná kọ̀ǹpútà, bí o bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó di funfun. Ó yà mí lẹ́nu lọ́jọ́ tí mo rí i, ó ṣì ń yà mí lẹ́nu. Ìdí kọ̀ǹpútà yẹn ni mo jókòó sí títí mo fi fẹ̀yìn tì, ojú àwọn èèyàn ni mo ṣì ń tún ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ àwọ̀ lónìí, ẹ̀rọ á yí padà mọ́ yín lọ́wọ́ bó ṣe yí padà mọ́ mi lọ́wọ́. Bí ẹ bá ti mọ ibi tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ń lọ, ẹ ó rí ọ̀nà jẹun.

Kí kọ̀ǹpútà tó dé, mo ti ṣe ọdún bíi mélòó kan ní ilé ìfọ-fọ́tò yẹn nígbà tí Màmá, ìyàwó Ọ̀gá, wá bá mi l'Àkúrẹ́. Ó ní, "Dúpẹ́, ọ̀gá rẹ ti ń fẹsẹ̀ kọ àga. Ó ní iná NEPA ni kò dáa. Ọ̀sán gangan ni o." Mo bá a lọ sí Oǹdó lọ́jọ́ Sátidé.

Mo bá Ọ̀gá lórí àga kan náà. Mo gbé fọ́tò aláwọ̀ kan dání láti ibi iṣẹ́, ojú ọ̀run ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo bi í pé báwo ló ṣe rí i. Ó ní yẹ́lò ti pọ̀ jù bíi ti gbogbo wa. Mi ò bá a jiyàn. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé bí mo bá jiyàn, á lé mi jáde. Mo kàn ní, "Ọ̀gá, ẹ fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún yín, kí ẹ fi tòsì nìkan wò ó." Ó ní ọ̀rọ̀ wèrè wo nìyẹn. Màmá ní, "Jóṣúà, bò ó." Ó bò ó. Mo ní kí ó wá bo tòsì, kó fi ọ̀tún wò ó.

Ó bo tòsì. Ó tún padà bo ọ̀tún. Ó ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún. Ojú méjèèjì ò ṣàìsàn bákan náà, ọ̀kan ṣì ń rí búlúù díẹ̀, ìkejì ń rí ojú ọ̀run bí àwọ̀ tíì.

Ó ní, "Fọ́tò kan náà ni?"

Mo ní, "Kan náà ni, sà."

Ó gbé e sílẹ̀ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Nígbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?" Ó tún gbé fọ́tò náà sókè. Ó ní, "Ètè Bàbá Ìjọ." Ó kàn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni, kò fi nǹkan kan tì í. Mo fẹ́ kú fún àánú rẹ̀.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún un ní ilé ìwòsàn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Dókítà ní awọ kan ló ti bo ẹyinjú, ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, gbogbo ohun tí ó ń wò ni ó ń gba inú rẹ̀ kọjá. Nígbà tí wọ́n tú aṣọ tí wọ́n fi di ọ̀kan, Màmá wọ aṣọ búlúù kan dúró tì í, Ọ̀gá di ìṣẹ́tí aṣọ náà mú, kò fi í sílẹ̀ títí wọ́n fi ní ká máa lọ. Ohun àkọ́kọ́ tó sọ fún mi nígbà tó padà délé ni pé kí n wá fíìmù fọ́tò Bàbá Ìjọ jáde. Ó wà níbẹ̀, ó tọ́jú gbogbo rẹ̀. Èmi ló fọ fọ́tò náà, dúdú àti funfun, ó tóbi tó ti àkọ́kọ́. Òun ló kun ún. Mo ní kí n bá a ṣe é, ó ní kí n jókòó. Ọwọ́ rẹ̀ ò yára mọ́, ó sì ń sinmi láàárín, ṣùgbọ́n mo rí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń padà wọ ojú ọkùnrin náà, láti etí, láti ètè, títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn fi tàn.

Èmi àti ẹ̀ jọ wọkọ̀ lọ sí Ìgbàrà-Òkè. Ẹ̀rù ń bà mí. Láti ọjọ́ ìsìnkú, Ọ̀gá ò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ìlú náà. Bí àwọn yẹn bá lé e, mo mọ̀ pé kò ní í tún gbé òwú mọ́ títí ayé rẹ̀. Kọ́lé ló ṣílẹ̀kùn fún wa. Irun rẹ̀ ti ń funfun. Kò kí wa káàbọ̀, kò sì ní ká máa lọ. Fọ́tò àkọ́kọ́ yẹn ṣì wà lórí ògiri pálọ̀.

Ọ̀gá dúró níwájú rẹ̀. Ó ń wò ó, ó ń wò ó. Nígbà tó yá ó ní, "Kọ́lé, òótọ́ lo sọ. Òkú ni mo yà. Ojú mi ló ń ṣàìsàn, mi ò mọ̀. Ọmọ yìí sọ fún mi, mi ò gbọ́. Ṣùgbọ́n n kò fi ikú ránṣẹ́ sí bàbá rẹ. Ọ̀rẹ́ mi ni." Ó tú fọ́tò tuntun jáde nínú aṣọ tí a fi wé e, ó fi ti ara àga.

Kọ́lé wò ó, ó gbójú kúrò. Ó ní, "Àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn ikú bàbá wa, ti ara ògiri yẹn ni bàbá àgbà tí wọ́n mọ̀. Kí ni kí n wá sọ fún wọn?" Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ tí a fi wé fọ́tò, bí ẹni tó ń múra àtilọ.

Ìyá Kọ́lé ló gbọ́ ohùn wa nínú yàrá. Ó fi ọ̀pá jáde wá, ìyá arúgbó kékeré. Kò wo ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó lọ tààrà síbi fọ́tò tuntun, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkọ rẹ̀.

Ó ní, "Ọkọ mi. Ibo lo wà látọjọ́ yìí?"

Ọ̀gá bo ojú rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì. Mi ò rí i kó sunkún rí. Ìyá gbé orí sókè, ó wò ó, ó ní, "Jóṣúà, jókòó. Láti ọ̀nà jíjìn lo ti wá, wọn ò sì tíì fún ọ lómi."

Kọ́lé lọ bu omi wá fún un.